Ẹ Jẹ́ Kí Ẹ̀fọ́ Padà Sínú Ìkòkò Wa, Kí Ó sì Wà ní Ìwọ̀n

Ó lè ya àwọn kan nínú yín lẹ́nu pé ìwé ìròyìn tí ó máa ń sọ̀rọ̀ ìbò, owó-orí, ọ̀nà mọ́tò àti ilé-ẹ̀kọ́, fi ọ̀rọ̀ ẹ̀fọ́ ṣe olú ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí. Ẹlòmíràn yóò wí pé, “Ṣé ọ̀rọ̀ ìjọba ti tán ni?” Kò tán. Ṣùgbọ́n àwọn baba wa ni ó sọ pé ìlera ni oògùn ọrọ̀. Ẹgbẹ́ tí ó bá ń ṣèlérí ìgbé ayé ìrọ̀rùn fún ará ìlú, tí kò sì bojú wo ohun tí ó wà nínú àwo ará ìlú, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni ó ń sọ.

Kí olúkúlùkù rántí bí ọjà Ìgànná ti máa ń rí láti oṣù kẹfà títí di oṣù kẹsàn-án, nígbà tí òjò bá ti fẹsẹ̀ múlẹ̀. Tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, gbúre, ewédú, ìṣápá àti ilá tútù a kún ilẹ̀ bẹẹrẹbẹ. Obìnrin tí ó ru apẹ̀rẹ̀ ti oko wá a máa bẹ àwọn ènìyàn kí wọ́n wá rà á, nígbà tí ilẹ̀ bá sì ṣú, ẹ̀fọ́ tí ó rọ a di ti ewúrẹ́. Ní àkókò yìí, ilé mìíràn a jẹ ẹ̀fọ́ ní òwúrọ̀, a sì tún jẹ ẹ́ ní alẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọyẹ́ bá dé, tí àwọn odò kéékèèké bá gbẹ, ìdì ẹ̀fọ́ a tín-ín-rín, owó rẹ̀ a sì gòkè. Láti oṣù kejìlá títí di àkọ́rọ̀ òjò, ọmọ púpọ̀ ní ilẹ̀ wa a máa jẹ àmàlà pẹ̀lú ata àti epo nìkan, wọn kì í sì í fojú kan ewé tútù fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Ọ̀pọ̀ yanturu ní ìgbà kan, òfo ní ìgbà kejì: bí a ti ń jẹ ẹ̀fọ́ nìyí.

Èrò tiwa ni pé ohun tí ó tọ́ ni ìwọ̀n. Nígbà tí a bá sì wí pé ìwọ̀n, kì í ṣe pé kí a má jẹ àjẹjù nìkan ni a ń wí. Kí ó má wọ́n nínú àwo wa pẹ̀lú jẹ́ apá kan nínú ìwọ̀n. Díẹ̀ lójoojúmọ́ sàn ju òkìtì lọ́jọ́ kan lọ. Òótọ́ ni pé ara a máa kó àwọn èròjà kan pamọ́, bíi fítámì A tí ẹ̀dọ̀ ń tọ́jú fún oṣù bí i mélòó kan. Ṣùgbọ́n fítámì C kì í pẹ́ nínú ara rárá. Ara kò mọ̀ bí ẹ̀ẹ̀rùn ni tàbí òjò ni. Ojoojúmọ́ ni ó ń béèrè ẹ̀tọ́ rẹ̀.

Kí ni ó wà nínú ẹ̀fọ́ tí a fi ń pariwo rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀? Ẹ̀kínní, nínú àwọ̀ ewé tútù ni èròjà kan fara pamọ́ sí tí ara ń sọ di fítámì A. Òun ni ó ń ṣọ́ ojú. Ọmọ tí kò bá rí i tó a máa ṣubú lu nǹkan nígbà tí ìmọ́lẹ̀ bá ń lọ, nítorí pé kò ríran dáadáa ní ìrọ̀lẹ́. Bí ó bá le jù, ojú náà lè fọ́ pátápátá, àìsàn bíi ìgbóná ẹ̀ẹ̀yí sì tètè ń pa irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀kejì, irin wà nínú ewé, àwọn èròjà tí ń ran ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ̀kẹta, fọ́nrán wà nínú rẹ̀ tí inú kò lè dà tán, òun ni ó ń ti oúnjẹ lọ síwájú kí ènìyàn lè máa yàgbẹ́ nírọ̀rùn. Ẹ̀kẹrin, ó ní èròjà kan tí wọ́n ń pè ní pọtáṣíọ̀mù, tí ó ń bá iyọ̀ jà nínú ara kí ẹ̀jẹ̀ má bàa ru.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ òní ni èyí. Ní ọdún 1747, dókítà ọkọ̀ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tí ń jẹ́ James Lind wà nínú ọkọ̀ Salisbury, níbi tí àrùn tí ń mú kí erìgì wú kí ó sì máa ṣẹ̀jẹ̀ ti dá àwọn atukọ̀ dùbúlẹ̀. Ó yan atukọ̀ 12, ó pín wọn ní méjì-méjì, ó sì fún ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan ní ohun tí ó yàtọ̀. Àwọn méjì tí ó fún ní ọsàn àti òroǹbó kíkan ni ara wọ́n yá kíákíá ju gbogbo wọn lọ. Ṣùgbọ́n ọdún 1795 ni ìjọba ọkọ̀ ogun náà tó pàṣẹ pé kí a máa fún gbogbo atukọ̀ ní omi òroǹbó. Ọdún 48 ni ó wà láàárín ìmọ̀ àti ìṣe. Ẹ jẹ́ kí èyí wà lọ́kàn yín, nítorí a ó padà sí i: ìmọ̀ tí ìjọba kò bá fi ṣe iṣẹ́ kì í gba ẹnikẹ́ni là.

Ní ọdún 1931 pẹ̀lú, dókítà obìnrin kan, Lucy Wills, tí ó ti ṣiṣẹ́ láàárín àwọn aboyún ní ìlú Bombay ní ilẹ̀ Íńdíà, kọ̀wé pé ohun kan wà nínú ìwúkàrà tí ó ń wo irú àìtó ẹ̀jẹ̀ kan tí ó ń bá wọn jà sàn. Ní ọdún 1941 ni àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Amẹ́ríkà rí irú èròjà bẹ́ẹ̀ yọ láti inú ewé ẹ̀fọ́ kan tí wọ́n ń pè ní spinach. Wọ́n sọ ọ́ ní folic acid, nítorí pé ní èdè Látìn, folium ni ewé. Èròjà yìí náà ni ó ń ṣọ́ ọmọ inú oyún kí ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ lè dì dáadáa, láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí ìyá rẹ̀ kò tíì mọ̀ pé òun lóyún. Nítorí náà, kí ọkọ má ṣe dúró di ìgbà tí ikùn bá yọ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ra ẹ̀fọ́ wálé. Bẹ́ẹ̀ sì ni kí aboyún má ṣe torí pé òun ń jẹ ẹ̀fọ́ kọ oògùn ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n bá fún un ní ilé ìwòsàn. Ọ̀tọ̀ ni iṣẹ́ ewé, ọ̀tọ̀ ni iṣẹ́ oògùn. Irin inú ewé kì í sì í tètè wọ ara bíi ti inú ẹran. Ata tútù, tòmátò tàbí ọsàn tí a bá jẹ pẹ̀lú rẹ̀ ni ó ń ràn án lọ́wọ́.

Èló ni kí ènìyàn jẹ? Àjọ Ìlera Àgbáyé ti wí pé, ó kéré tán, kí àgbàlagbà jẹ ẹ̀fọ́ àti èso tí ó wọn gíráàmù 400 lójúmọ́, kí a sì pín in sí ọ̀nà márùn-ún. Wọn kò ka iṣu, ẹ̀gẹ́ tàbí ànàmọ́ mọ́ ọn. Ẹ má jẹ́ kí iye yìí bà yín lẹ́rù. Ọwọ́ ẹ̀fọ́ sísè kan ní ọ̀sán, òmíràn ní alẹ́, tòmátò àti ata inú ọbẹ̀, ọsàn kan, àti mángòrò tàbí ìbẹ́pẹ ní àsìkò wọn: ó ti pé. Òdú kì í ṣe àìmọ̀ fún olóko, kò sì sí ohun kan nínú gbogbo ìwọ̀nyí tí a ní láti fi ọkọ̀ kó wá láti òkè òkun.

Ṣùgbọ́n àṣejù, baba àṣetẹ́ ni. Àwọn kan wà tí ó jẹ́ pé bí wọ́n bá ti gbọ́ pé nǹkan dára, wọn a fi dí ikùn títí kò ní sí àyè fún nǹkan mìíràn. Ọmọdé ni kí a kọ́kọ́ wò. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́, ikùn ọmọ ọdún méjì kò sì ju ẹ̀kúnwọ́ lọ. Bí a bá fi ẹ̀kọ àti omi ẹ̀fọ́ kún un, ọmọ náà yóò yó, ṣùgbọ́n kò ní dàgbà. Ní ọdún 1933, Dókítà Cicely Williams, obìnrin kan tí ó ṣiṣẹ́ ní Gold Coast, tí ó di Ghana lónìí, kọ̀wé nípa àwọn ọmọ tí a já lẹ́nu ọmú nígbà tí àbúrò wọn dé, tí wọ́n ń jẹ kìkì ògì àgbàdo. Ẹsẹ̀ wọn wú, irun wọn yí padà, awọ ara wọn ń bó. Ní ọdún 1935, ó fi orúkọ tí àwọn ará Gá ń pe àrùn náà sínú ìwé ìṣègùn: kwashiorkor. Ewé nìkan kò lè wo àrùn yìí. Oúnjẹ amúaradàgbà ni irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ń fẹ́: ẹ̀wà, ẹyin, ẹja, ẹ̀pà, ẹ̀gúsí, àti wàrà tí àwọn obìnrin Fúlàní ń kiri ní ìlú wa. Nítorí náà, ẹ̀fọ́ tí a fi ẹ̀gúsí àti wàrà sè sàn fún ọmọ ju àwo ńlá tí ó kún fún ewé nìkan.

Àgbàlagbà náà ní ìwọ̀n tirẹ̀. Tẹ̀tẹ̀ àti gbúre ní èròjà kan nínú tí wọ́n ń pè ní oxalate. Kò ní pa ẹni tí ara rẹ̀ le lára, ṣùgbọ́n ẹni tí òkúta bá ti dì sí nínú kíndìnrín rí kò gbọdọ̀ sọ wọ́n di oúnjẹ àárọ̀, ọ̀sán àti alẹ́. Kí ó bọ̀ wọ́n, kí ó da omi rẹ̀ nù, kí ó sì máa mu omi dáadáa. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò bá ṣiṣẹ́ mọ́ lè má lè tú pọtáṣíọ̀mù inú ẹ̀fọ́ dànù, èyí sì lè yọ ọkàn rẹ̀ lẹ́nu. Kí òun béèrè lọ́wọ́ dókítà rẹ̀ kí ó tó jẹun. Ẹni tí wọ́n fún ní oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, kí ó má ṣe jẹ ẹ̀fọ́ púpọ̀ lọ́sẹ̀ yìí kí ó sì pa á tì lọ́sẹ̀ tí ń bọ̀, nítorí pé fítámì K inú ewé ń bá oògùn náà fà á. Kí iye tí ó ń jẹ dọ́gba. Ẹni tí ó sì ń lo oògùn ìtọ̀ ṣúgà, tí ó tún ń mu omi ewúro ife lórí ife nítorí pé ẹnìkan fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn polówó rẹ̀ ní ọjà, kí ó sọ fún dókítà rẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ̀fọ́ jẹ́ oúnjẹ. Ẹni tí ó bá sọ fún yín pé ó ń wo gbogbo àrùn sàn, owó yín ni ó ń wá.

Ó ku bí a ti ń sè é. Ẹ̀yin ìyá wa mọ ọbẹ̀ sè ju ẹni tí ń kọ ìwé yìí lọ, ṣùgbọ́n ẹ gbà wá láyè. Ẹ fọ ẹ̀fọ́ kí ẹ tó rẹ́ ẹ, nítorí pé bí a bá rẹ́ ẹ tán kí a tó fọ̀ ọ́, oore rẹ̀ ti bá omi lọ. Bí àìsàn kíndìnrín kò bá sí nínú ilé, ẹ má ṣe bọ̀ ọ́ títí kí ẹ sì fún omi rẹ̀ dànù bí aṣọ. Iná díẹ̀ ti tó. Káún a máa jẹ́ kí ewédú tètè rọ̀, ṣùgbọ́n a máa ba àwọn fítámì kan jẹ́. Epo díẹ̀ ṣe pàtàkì, nítorí láìsí ọ̀rá, ara kò lè gba èròjà tí ń di fítámì A. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe yọ́ epo lórí iná títí pupa rẹ̀ yóò fi parẹ́, nítorí pé pupa náà gan-an ni oore rẹ̀. Ní ti iyọ̀, Àjọ Ìlera Àgbáyé wí pé kí ó má tó gíráàmù 5 lójúmọ́ fún ẹnì kan, èyí tí kò ju ṣíbí kékeré kan lọ. Iyọ̀ inú màgí wà nínú ìṣirò náà. Ẹni tí ó fi màgí púpọ̀ se ẹ̀fọ́ nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ni ó fi ń kọ́lé, ó sì ń fi tòsì wó o.

Ìmọ́tótó kò gbọ́dọ̀ gbẹ́yìn. Gbúre tí ó hù sí ẹ̀bá ilé ìwẹ̀ àti tẹ̀tẹ̀ tí ó hù lórí ààtàn a máa tutù dáadáa, ṣùgbọ́n ibẹ̀ náà ni àrùn onígbáméjì àti ibà jẹ̀funjẹ̀fun lè gbà wọ ilé. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni kí àgbẹ̀ tí ó fọ́n oògùn apakòkòrò sí ẹ̀fọ́ lónìí má ṣe kó o lọ sí ọjà lọ́la. Kí ó ka ohun tí a kọ sára ìgò, kí ó sì dúró iye ọjọ́ tí wọ́n là sílẹ̀. Ẹni tí kò lè kà á, kí ọmọ rẹ̀ tí ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ kà á fún un.

Wàyí o, kí ni ó mú kí ẹ̀fọ́ wọ́n ní ilẹ̀ tí ó ń bọ́ àwọn ìlú ńlá? Nígbà tí ó jẹ́ pé ọkọ́ nìkan ni a fi ń ro oko, àwọn obìnrin a máa yọ ẹbòlò, yánrin àti ẹ̀kúyá sọ́tọ̀ láàárín koríko, wọ́n a sì dì í wálé láìná kọ́bọ̀. Lónìí, oògùn apakoríko tí a ń pọ̀n sẹ́yìn fọ́n kò mọ ẹ̀fọ́ yàtọ̀ sí èpò. Àwa kò wí pé kí àgbẹ̀ padà sí ìyà ọkọ́; àwọn ọ̀dọ́ ti lọ sí ìlú, ọwọ́ kò sì tó iṣẹ́ mọ́. Ohun tí a ń wí ni pé kí olúkúlùkù fi igun kan sílẹ̀ nínú oko rẹ̀ tí oògùn kò ní kàn. A máa ń sọ pé òdú kì í ṣe àìmọ̀ fún olóko. Bí a bá ń bá a lọ báyìí, ọmọ olóko kò ní mọ òdú mọ́.

Ẹ tún wo ọ̀rọ̀ ewé kan tí kì í ṣe ẹ̀fọ́. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni a ti gbin tábà ní Òkè-Ògùn. Àgbẹ̀ tí ó gbìn ín rí irúgbìn, ó rí ajílẹ̀, ó rí olùkọ́ tí ó wá bẹ oko rẹ̀ wò, ó sì rí ẹni tí yóò ra ewé náà ní àsìkò. A kò bá àgbẹ̀ náà wí. Ibi tí owó wà ni ó lọ. Ṣùgbọ́n kí ni ìdí rẹ̀ tí ewé tí a ń sun di èéfín fi ní alágbàwí, tí ewé tí ń sọ ẹ̀jẹ̀ ọmọ di pupa kò sì ní? Ọ̀rọ̀ ìjọba ni èyí. Ibi tí a ti ń padà sọ́dọ̀ àwọn alágbára nìyí.

Ìmọ̀ kò wọ́n wa. Láti ọdún 1975 ni ìjọba àpapọ̀ ti dá ilé ìwádìí lórí èso àti ẹ̀fọ́, NIHORT, sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Ní ọdún 2003, ní ìlú Maputo, àwọn olórí orílẹ̀-èdè Áfíríkà jẹ́jẹ̀ẹ́ pé ìdá kan nínú mẹ́wàá owó ìṣúná wọn yóò máa lọ sí iṣẹ́ àgbẹ̀. Ní ọdún 2014, ní Malabo, wọ́n tún ẹ̀jẹ́ náà jẹ́. Ní ọdún 2016, ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò oúnjẹ ọ̀fẹ́ fún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì wí pé láti oko àwọn àgbẹ̀ àdúgbò ni oúnjẹ náà yóò ti máa wá. Ẹ rántí ọkọ̀ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọdún mélòó ni àwa yóò fi sí àárín ìmọ̀ àti ìṣe?

Nítorí náà, ẹnikẹ́ni tí ó bá wá béèrè ìbò ní Ìgànná, ní Ìwéré-Ilé, ní Ìjíò tàbí ní ibikíbi ní Ìwàjọwà, ìbáà jẹ́ láti inú ẹgbẹ́ tiwa, kí ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́rin. Ẹ̀kínní, omi dà? Ìsédò ńlá Ìkèrè wà lórí odò Ògùn nítòsí Ìsẹ́yìn, ṣùgbọ́n ìyá àgbẹ̀ Ìgànná kò lè ru garawa lọ pọn omi ní Ìsẹ́yìn. Kànga àti ìsédò kékeré lẹ́bàá àkùrọ̀ abúlé rẹ̀ ni ó ń fẹ́, kí ó lè gbin tẹ̀tẹ̀ ní oṣù kìíní. Ẹ̀kejì, ọ̀nà dà? Iṣu lè sun ọ̀nà ní ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀fọ́ kò lè sun ọ̀nà ní ọjọ́ kan. Ẹ̀kẹta, olùkọ́ àgbẹ̀ dà, tí yóò gbé irúgbìn láti Ìbàdàn wá sí abúlé? Ẹ̀kẹrin, ẹ̀fọ́ mélòó ni ó wà nínú àwo ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, ta ni wọ́n sì rà á lọ́wọ́ rẹ̀?

Ṣùgbọ́n ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Kí àwọn baálé fún àwọn obìnrin ní ilẹ̀ àkùrọ̀ tí wọn kì yóò gbà padà nígbà tí ọgbà bá dára tán. Kí gbogbo ẹ̀ka ẹgbẹ́ wa ní ọgbà ẹ̀fọ́ kan tí àwọn ará ìlú lè wò kọ́gbọ́n. Kí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin wa kọ́ àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin bí a ti ń sá ilá di òrúnlá, àti bí a ti ń sá ewédú lábẹ́ ìbòji, kì í ṣe nínú oòrùn gangan tí ń jẹ oore inú ewé run, kí a lè rí nǹkan fi sínú ọbẹ̀ nígbà tí ọyẹ́ bá dé. Kí àwọn ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ tún ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ dá, kì í ṣe fún ìyà ọmọ tí ó pẹ́ dé, ṣùgbọ́n fún ẹ̀kọ́ gbogbo wọn.

Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní oṣù kìíní ọdún 1955, àwọn kan wí pé kò ṣeé ṣe. Ó ṣeé ṣe, nítorí pé ìjọba fi owó sí i, àwọn òbí sì fi ọmọ sílẹ̀. Ọ̀nà méjèèjì náà ni ọ̀rọ̀ ẹ̀fọ́ yóò gbà yọrí: kí ìjọba ṣe tirẹ̀, kí ilé ṣe tirẹ̀. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Òmìnira tí a gbà ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 1960 kò tíì pé níwọ̀n ìgbà tí ọmọ àgbẹ̀ bá ń ṣàìrí ewé jẹ ní ilẹ̀ tí baba rẹ̀ ń ro.

Tẹ̀tẹ̀ kì í tẹ́ láwùjọ ẹ̀fọ́. Àwa náà kì yóò tẹ́ láwùjọ àwọn orílẹ̀-èdè. Ẹ jẹ ẹ̀fọ́ lónìí, ẹ jẹ ẹ́ lọ́la, kí ó sì wà ní ìwọ̀n.